Ihò Tí Mo Lu Sídìí Ọkọ̀ Bàbá Ìbejì

Ní Òkè-Ògùn tiwa, omi kì í wá wa, àwa la máa ń wá a kiri. Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí ewé orí igi ẹ̀mí gbẹ, tí kànga wá ń fún èèyàn ní ẹrẹ̀ dípò omi, ìgbà náà ni gbogbo ìlú máa ń rántí mi. Pílọ́ńbà ni mí. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń gbé tánkì kalẹ̀ fún àwọn èèyàn nílùú Ìsẹ́yìn, mo ti ṣe é dé Ṣakí, mo ti ṣe é dé Àgọ́ Àmọ̀dù. Gbogbo iṣẹ́ mi kò ju ohun kan lọ: kí omi tí Ọlọ́run bá fún èèyàn má bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo mọ iṣẹ́ náà, mo sì mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Ìyàwó mi a máa sọ pé ibi tí ìyọnu mi ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì ni òun. Ní gbogbo Ọjọ́rú, á gbé kúlà abẹ́rẹ́ àjẹsára kọ́ èjìká, á gun ọ̀kadà dé etí dáàmù tí wọ́n fi sé odò, á sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí abúlé kan tó wà ní òdìkejì, níbi tí àwọn ìyá ọlọ́mọ ti máa ń dúró dè é lábẹ́ igi máńgòrò. Ọ̀nà orí ilẹ̀ wà lóòótọ́, àmọ́ ó máa yí ká fún ìdajì ọjọ́, bí òjò bá sì ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà náà á di ẹrẹ̀ tí màlúù gan-an ń rì sí. Orí omi ló yá jù. Ìyàwó mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Ta ni ì bá kọ́ wa? Odò tí a gbọ́njú bá, orúnkún ló mọ.

Bàbá Ìbejì ló ni ọkọ̀ ojú omi náà. Àgbẹ̀ oníṣu ni, Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré, oko rẹ̀ wà létí omi níbẹ̀. Kì í ṣe ọmọ apẹja. Ìgbà tó rí i pé ojoojúmọ́ ni àwọn èèyàn ń dúró létí omi tí wọ́n ń wojú ara wọn, ló bá tọ wẹ́dà kan lọ, ẹni tó máa ń ṣe géètì, ó ní kó bá òun jó irin pẹlẹbẹ pọ̀ di ọkọ̀. Wẹ́dà náà kò ṣe ọkọ̀ ojú omi rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe é. Ìdí ọkọ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ, etí rẹ̀ ga, ẹni bá rí i lókèèrè á rò pé àpótí ẹrù kan ló ń léfòó. Ó kúkú ń gbé èèyàn mẹ́jọ, ẹ́ńjìnnì kékeré kan ló ń tì í, kò sì jò rárá.

Òjò ló dá wàhálà sílẹ̀. Bí ó bá ti rọ̀, inú ọkọ̀ á kún, Bàbá Ìbejì á wá fi kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé lẹ́nu gbọ́n ọn títí oòrùn á fi ga. Lọ́jọ́ kan ó ránṣẹ́ pè mí.

"Ọkọ Nọ́ọ̀sì," ó ní, "ẹ̀yìn mi ti fẹ́ kán o. Bá mi wá nǹkan ṣe sí omi òjò yìí."

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀," mo ní. "Ihò kan péré ni."

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo gbé dírílù àti jẹnẹrétọ̀ kékeré mi lọ. Wọ́n ti wọ́ ọkọ̀ náà sórí ilẹ̀, a wá gbé e lé igi méjì kí n lè ráyè wọ abẹ́ rẹ̀. Irú ẹnu páìpù tí mo máa ń fi sí ara tánkì ni mo mú dání. Ó ní etí gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan, rọ́bà róbótó máa ń wà lábẹ́ etí náà, ó sì ní nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń há a mọ́ láti apá kejì. Èrò mi ni pé n ó fi í sí ìdí ọkọ̀, n ó sì fún un ní ìdérí tí wọ́n ń lọ́. Bí òjò bá kún inú ọkọ̀ lórí ilẹ̀, kí Bàbá Ìbejì lọ́ ìdérí náà kúrò, omi á ṣàn lọ. Bó bá tún fẹ́ wọ orí omi, kó lọ́ ọ padà. Ìyẹn ò ṣòro.

Nígbà tí dírílù bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin náà, irin náà ké. Mo ti lu ihò tó pọ̀ láyé mi, ṣùgbọ́n igbe yẹn kò bá mi lára mu. Bàbá Ìbejì dúró tì mí, gbogbo ìgbà tí irin bá ti ké ló ń sọ pé "Bísímílàhì." Ìgbà tí ihò náà là já, mo bojú wo inú rẹ̀, mo rí iyanrìn etí omi ní ìsàlẹ̀. Ọkọ̀ tó ti ń gbé èèyàn láti ọdún mélòó kan láìní ihò, èmi ni mo dá a lu. Mo gbé èrò náà jù sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo bá iṣẹ́ lọ. Bí mo ṣe ń ṣe é sí tánkì ni mo ṣe ṣe é sí ọkọ̀: etí rẹ̀ àti rọ́bà wà nínú, nọ́ọ̀tì wà ní ìta, lábẹ́ ọkọ̀.

Apẹja Tápà kan wà níbẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin tó bá àwọn èèyàn rẹ̀ wá láti ìhà odò Ọya. Ó ti ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe láti ìgbà tí mo ti dé. Ó dìde, ó wá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀.

"Ọ̀gá," ó ní, "rọ́bà yẹn, ìta ló yẹ kó wà. Nọ́ọ̀tì ni kó wá sí inú."

"Nítorí kí ni?"

"Ìta ni omi wà níbí, ọ̀gá."

Mo rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín rere. Mo ní, "Ìwọ, ẹja lo mọ̀. Ìgbà tí ìyá rẹ ṣì pọ̀n ọ́ ni mo ti ń bá omi jà. Lọ káàkiri Ìsẹ́yìn, kí o bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n rí tánkì mi kan tó ń jò. Padà sídìí àwọ̀n rẹ, jàre."

Ó padà sídìí àwọ̀n rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dùn mí. Mo fẹ́ fi hàn án níwájú Bàbá Ìbejì pé kì í ṣe ẹgbẹ́ mi, mo bá ní kí a dán iṣẹ́ náà wò bí a ṣe ń dán tánkì wò. Ẹ gbọ́ o: ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀, omi wà níwájú wa lọ bí ilẹ̀ bẹẹrẹ, àwa wá ń fi korobá pọn omi láti inú dáàmù dà sínú ọkọ̀! A pọn ọ́n títí ó fi dé agbede méjì. Mo kúnlẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ pa abẹ́ ihò náà. Ó gbẹ táútáú. Mo ní kí Bàbá Ìbejì náà wá fọwọ́ kàn án, ó kàn án, ó sì gbàdúrà fún mi pé Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọwọ́ mi bà jẹ́. Mo wo ọ̀dọ̀ apẹja náà bóyá ó rí i. Kò gbójú sókè. Títí dòní, bí mo bá rántí bí inú mi ṣe dùn tó lọ́jọ́ yẹn, ojú máa ń tì mí lójú ara mi.

Ọjọ́rú àkọ́kọ́ kò mú nǹkan kan wá. Lọ́jọ́rú kejì, ìyàwó mi bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, mo rí i pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ tutù. Mo ní ìgbì omi ló ta sí i. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bàtà náà rin gbindingbindin. Ó ní omi díẹ̀ wà nínú ọkọ̀, pé Bàbá Ìbejì ní bóyá òjò àná ni. Èmi náà ní òjò àná ni. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, etí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tó funfun ti pọ́n dé ojúgun. Ó fọ̀ ọ́, kò mọ́. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ níbi tó ti ń fọ̀ ọ́, mo ń sọ fún un pé ẹni tó ń ṣe géètì kò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń fún ní ọkọ̀ ṣe, pé ojú ibi tí wẹ́dà yẹn ti jó irin pọ̀ ló ti ń là. Ó ní òun á sọ fún Bàbá Ìbejì kó pe wẹ́dà náà. Àìtètèmólè, olè ń mólóko. Èmi ni olè náà, èmi náà ni mo tún ń tọ́ka sí ẹlòmíràn.

Òjò ọdún náà kò sì mọ níwọ̀n. Láàárín dáàmù yẹn, àwọn igi gbígbẹ kan wà tí omi bá níbẹ̀ ní ìgbà tí wọ́n sé e, orí wọn ni Bàbá Ìbejì fi ń mọ ọ̀nà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni omi ń bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ìyàwó mi ní bí àwọn bá ti ń kọjá níbi tí igi kan wà tẹ́lẹ̀, Bàbá Ìbejì a dín iná ẹ́ńjìnnì kù, gbogbo wọn a sì dákẹ́. Mi ò fẹ́ràn láti máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń ní kó jẹ́ ká jẹun.

Lọ́jọ́rú kẹfà, ìyàwó mi ti jáde lọ kí oòrùn tó yọ dáadáa. Nígbà tó di ọ̀sán ni ìyá kan pè mí lórí fóònù, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, tí mo gbé tánkì kan kalẹ̀ fún lẹ́yìn ilé.

"Ẹ̀yin pílọ́ńbà, ẹ wá wo nǹkan tí tánkì yín ṣe fún mi."

"Màmá, tánkì mi kì í jò."

"Ta ló ní ó jò? Omi wọlé sí i ni! Ẹ wá wo nǹkan tí mo fẹ́ fi se oúnjẹ."

Mo lọ pẹ̀lú ìbínú. Mo ṣí orí tánkì náà, mo wo inú rẹ̀. Omi pupa, pupa bí ẹrẹ̀ ojú títì, ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Òjò tó rọ̀ mọ́jú ti mú kí gọ́tà kún wọ inú ọgbà, omi ọ̀gbàrá sì yí tánkì náà ká títí ó fi ga ju ẹnu páìpù tí mo fi sí i lọ. Tánkì fúnra rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ kí òjò náà tó bẹ̀rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo ń wo ibẹ̀, ó sì yé mi. Kì í ṣe ọwọ́ mi ló ń di omi ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Omi inú tánkì ló ń fi agbára ara rẹ̀ ti rọ́bà mọ́ ara tánkì. Bí inú bá ṣófo, tí omi wá wà ní ìta, ńṣe ni á gba ojú nọ́ọ̀tì wọlé, á sì máa ti rọ́bà náà kúrò níbi tó wà. Mo gbọ́ ohùn apẹja yẹn bí ẹni pé ó dúró tì mí: ìta ni omi wà níbí, ọ̀gá.

Mo tún rántí nọ́ọ̀tì. Abẹ́ ọkọ̀ ni mo fi í sí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti dé èbúté, orí òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń wọ́ ọkọ̀ náà gbà, òkúta á sì máa gbá nọ́ọ̀tì náà, á máa tú u díẹ̀díẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ ìyá náà pé ọjọ́ wo la wà. Mo mọ ọjọ́ tí a wà. Ó ní Ọjọ́rú ni.

Mo pe fóònù ìyàwó mi, kò wọlé. Mo pe ti Bàbá Ìbejì, kò wọlé. Kò sí nẹ́tíwọ̀kì lórí omi níbẹ̀, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ mo ń pè é. Mo dá ọlọ́kadà kan dúró, mo ní kó gbé mi lọ sí etí dáàmù, kó má dúró níbì kankan. Ó sáré. Bí a ṣe kúrò nílùú, tí a wọ inú ìgbẹ́, agbo màlúù kan ń kọjá lójú ọ̀nà, wọ́n pọ̀, wọn ò sì kánjú. Ọlọ́kadà pa ẹ́ńjìnnì, ó ní kí n ṣe sùúrù. Mo jókòó lẹ́yìn rẹ̀, mo ń ka màlúù.

Ìgbà tí a dé etí omi, kò sí ọkọ̀ Bàbá Ìbejì níbẹ̀. Apẹja Tápà náà nìkan ló wà níbẹ̀. Ó dúró, kò jókòó sídìí àwọ̀n rẹ̀, ó ń wo ọ̀kánkán omi.

"Wọ́n ti ń padà bọ̀," ó ní, kò kí mi. "Mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì wọn. Ó ti dákẹ́."

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo fi àyà kanlẹ̀ lórí òkúta níbẹ̀ fún ọmọ tí mo lè bí, mo ní, "Jọ̀ọ́, ìyàwó mi wà níbẹ̀. O sọ fún mi. Jọ̀ọ́." Kò ní kí n dìde, kò sì fi mí ṣẹ̀sín. Ó ti ń ti ọkọ̀ onígi rẹ̀ tóóró sómi kí n tó parí ọ̀rọ̀ mi. Mo sáré tẹ̀ lé e, mo ti tẹ omi dé orúnkún kó tó yíjú sí mi.

"Ẹ dúró, ọ̀gá. Àyè tí ẹ máa jókòó sí, ẹnì kan ló máa fi bọ̀."

Mo dúró. Kò sí ohun tó burú tó kí èèyàn dúró. Mò ń gbọ́ ìró àjẹ̀ rẹ̀, nígbà tó ṣe, mi ò gbọ́ ọ mọ́. Ojú omi náà tẹ́ lọ pẹrẹsẹ, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, ẹyẹ kan kò tilẹ̀ fò. Mo gbìyànjú láti gbàdúrà, orúkọ Jésù nìkan ló ń jáde lẹ́nu mi, mi ò rí nǹkan fi kún un. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ bọ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Mo wá rí nǹkan funfun kan tó ń léfòó bọ̀. Ó ń yí, ó ń dúró, ó tún ń bọ̀. Ó sún mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rí àmì pupa tí ìyàwó mi fúnra rẹ̀ fi ọ̀dà kùn sí i. Ìdérí kúlà rẹ̀ ni.

Mo jókòó sínú omi. Mo ti gbà pé mo ti pa á.

Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó kí ọkọ̀ onígi náà tó yọ. Mo ka orí àwọn tó wà nínú rẹ̀. Apẹja, obìnrin kan tí mi ò mọ̀, àti ìyàwó mi. Okùn wà lẹ́yìn wọn, ọkọ̀ irin wà nídìí okùn náà, etí rẹ̀ nìkan ló yọ sókè, Bàbá Ìbejì sì wà nínú rẹ̀ tí omi ti dé ìbàdí rẹ̀, ó ń gbọ́n, ó ń gbọ́n. Kúlà wà lórí itan ìyàwó mi láìní ìdérí. Ọmọ ọwọ́ kan ló wà nínú rẹ̀, ó ń sunkún. Nígbà tí omi ń gòkè, ìyàwó mi ti da gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀ sínú dáàmù, ó sì gbé ọmọ obìnrin náà sínú kúlà, pé bí àwọn bá rì, kúlà kò ní rì.

A wọ́ ọkọ̀ náà gòkè, a dojú rẹ̀ dé. Kò sí nọ́ọ̀tì níbẹ̀ mọ́. Apẹja náà fi ìka méjì ti ẹnu páìpù náà láti abẹ́, ó sì ń mì lọ mì bọ̀ bí eyín ọmọ ọdún méje. Ó wò mí. Èmi ni mo sọ ọ́.

"Bàbá," mo ní, "kì í ṣe wẹ́dà. Èmi ni. Ọ̀gbẹ́ni yìí sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn níṣojú yín pé òdì ni mo ṣe é, mo bú u."

Bàbá Ìbejì wo ihò náà pẹ́. Ó ní, "Àlùhàmúdùlílàhì, a ò rì." Ó kó aṣọ rẹ̀ tó tutù jọ, ó sì lọ jókòó lọ́nà jíjìn sí wa, ó kẹ̀yìn sí mi. Bó bá ti bú mi ni, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn.

A délé ní ìrọ̀lẹ́. Mo gbé omi gbígbóná fún ìyàwó mi, ó wẹ̀, ó jókòó sí yàrá pẹ̀lú aṣọ òtútù lára bó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru mú. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbọ́. Mo tún bẹ̀ ẹ́, ó ní òun ti gbọ́. Ohun kan ṣáà ń jẹ mí lọ́kàn: ẹnu páìpù tó ń jò náà wà nínú ọkọ̀ níbẹ̀, àpò kan péré ló bò ó, wọ́n sì ní àkókò tó láti fi wá ibi tí omi ń gbà wọlé. Aṣọ lásán tí wọ́n bá há mọ́ ọn ì bá ràn wọ́n lọ́wọ́. Mo bi í léèrè ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi wo ibẹ̀.

"A wá gbogbo ibi tí wẹ́dà ti jó o," ó ní. "A fi ọwọ́ wá a lábẹ́ omi, èmi àti ìyá ọmọ náà. Bàbá Ìbejì fẹ́ wo ibi tìrẹ. Ó ti gbé àpò yẹn kúrò, ó ti na ọwọ́ sí i. Mo dì í lọ́wọ́ mú. Mo ní kí wọ́n má fi àkókò ṣòfò níbẹ̀, pé ibẹ̀ nìkan ló dá mi lójú nínú ọkọ̀ yìí, ọkọ mi ló ṣe é."

Ó fa aṣọ òtútù náà mọ́ra.

"Ó sì fa ọwọ́ rẹ̀ padà," ó ní.